Bí Hàrúnà Ṣe Fẹ́ Fi Omi Odò Mú Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Tutù

Aládùúgbò mi ni Hàrúnà. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Pákó kan ṣoṣo ló so ilé rẹ̀ mọ́ tèmi lórí omi, ní ẹ̀yìn Òde Mahin níbí. Bó bá wúkọ́, mo gbọ́.

A kì í ṣe ará ibí tẹ́lẹ̀. Òbè-Ògúnlànà ni ìlú wa, létí òkun, lápá Awóyè. Òkun gbé e. Kò gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ó mú ilé iwájú, ó sinmi, ó tún mú èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, a kó ẹrù. Bàbá Hàrúnà wà nínú itẹ́ yẹn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ débẹ̀ lónìí, omi ló máa bá.

Láídì ni orúkọ ìyá Hàrúnà. Ẹja gbígbẹ ló ń tà kiri, láti Awóyè títí dé Etíkàn. Obìnrin tó le ni. Ojú ló wá mú un. Dókítà ní Òkìtìpupa sọ pé ojú náà ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè dá a dúró díẹ̀, kò lè dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe rí fún mi.

Ó ní, "Bàbá Promise, ó dà bí ẹni ń wo ìta láti inú ọ̀pá oparun. Ọ̀pá náà sì ń tín-ín-rín sí i."

Hàrúnà pinnu pé kí ojú yẹn tó kú tán, ìyá òun máa rí Òbè-Ògúnlànà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Inú kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kó ti rí i. Ó ra kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù ní Igbókòdá kó tó kó lọ sí Èkó. Irú èyí tí àpótí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí ojú rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ni. Orí fóònù ni Hàrúnà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sínú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀, ìdí kọ̀ǹpútà lo máa bá a. Á tún wá bá àwa àgbà.

"Bàbá, ilé Olówòkéré, ibo ló kọjú sí?"

"Òkun."

"Ilẹ̀kùn mélòó?"

Bí mo bá ní méjì, Ọlọ́rundáre ọ̀rẹ́ mi á ní ẹyọ kan ni. A máa jà sí i. Hàrúnà á dúró títí a ó fi jà tán, á lọ ya èyí tó bá fẹ́.

Nígbà tó parí ilé tiwọn, ó pe ìyá rẹ̀ wá wò ó. Ìyá náà gbé ojú sún mọ́ ọn, ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí ó fi rí i.

"Ilé wa rèé," ló wí. "Ọ̀nà dà?"

"Ọ̀nà wo, Ìyé?" Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa.

"Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ́jọ́ Jímọ̀. Láti èbúté lọ sí mọ́sáláṣí. Fọ́tò lo yà. Mo fẹ́ rìn."

Bó ṣe di fíìmù nìyẹn. Ó fẹ́ kó dà bí ẹni ń rìn: kúrò ní èbúté, kọjá níwájú ilé wọn, dé mọ́sáláṣí, lọ dé itẹ́, níbi sàréè bàbá rẹ̀. Ìyá kò dárúkọ sàréè. Hàrúnà ló fi kún un.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí kọ̀ǹpútà bá ń so àwòrán pọ̀ di fíìmù, ó ń ronú ni. Bó bá ronú pẹ́, á gbóná. Bó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Páànù ni òrùlé wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Fáànù kékeré wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n ooru ló ń fẹ́ lé ooru. Hàrúnà ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà sílẹ̀, ó gbé fáànù ńlá tì í. Kò sàn. Bó bá tanná jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán kọ̀ǹpútà ti kú.

Ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì. Ó máa ń gbọ́ bí ariwo fáànù ṣe dákẹ́.

"Ó tún ti kú?"

"Á jí, Ìyé."

"Ojú tèmi kì í jí o."

Obìnrin náà kò fi sọ̀rọ̀ burúkú. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Hàrúnà kì í lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Rekiyat ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ púpurù sílẹ̀, á tún wá gbé e bó ṣe wà.

Hàrúnà pe Lawrence lórí fóònù. Lawrence ló ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Igbókòdá. Mo wà níbẹ̀, ó sì gbé ohùn fóònù náà síta.

Lawrence ní, "Bọ̀dá Hàrúnà, wọ́n ti ń fi omi mú un tutù báyìí. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Omi tó mọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti dí i pa. Yíyípo ló ń yípo. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án rárá."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Èkó la ti máa béèrè, bóyá òkè òkun. Mi ò lè parọ́ fún yín. Ẹ gbé iṣẹ́ náà wá sọ́dọ̀ mi kẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, yàrá mi sì tutù."

Hàrúnà ní ó ṣeun. Ó pa fóònù. Ó wò mí.

"Sàréè bàbá mi ló wà níbẹ̀. Mi ò ní gbé e fún ẹlòmíràn kó bá mi parí rẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà ni.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó ń tún ẹ́ńjìnnì Ọlọ́rundáre ṣe, mo jókòó tì wọ́n. Ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ òpó, ó ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó fà á, ó jí. Omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọmọdé tó ń tọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á fa omi odò láti ìsàlẹ̀, omi á gba inú rẹ̀, á kó ooru rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Èyí tí kò bá tọ̀, tètè pa á, kó má baà jóná. Ọmọ odò tí kò mọ èyí kò sí.

Hàrúnà ń wo ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì náà, kò gbé ojú kúrò.

Ọlọ́rundáre ní, "Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára."

"Kí lò ń wò bí ẹni rí òkú?"

Hàrúnà yíjú sí mi. "Bàbá Promise, ooru ẹ́ńjìnnì yìí àti ooru kọ̀ǹpútà mi, èwo ló pọ̀ jù?"

"Ti ẹ́ńjìnnì."

"Omi odò yìí náà ló sì ń mú un tutù."

Ọlọ́rundáre bú sẹ́rìn-ín. "O fẹ́ fi kọ̀ǹpútà lọ pẹja?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò lè rántí ibi tí ẹ so ọkọ̀ yín mọ́ lánàá."

Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ti lọ.

Ètò náà gbà á lákòókò. Kò kánjú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó fi ẹfun ya gbogbo rẹ̀ sára pákó ògiri. Ibi tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó wá irin bàbà lára ọkọ̀ ńlá kan tó ti rì, ó gé e, ó lu ihò gba inú rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà kọjá, ó fi yanrìn fọ abẹ́ rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Orí ibi ìronú yẹn ni bàbà náà máa jókòó lé. Pọ́ńpù kékeré tí à ń fi gbọ́n omi inú ọkọ̀ ló máa fa omi wá. Róbà tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì ni omi máa gbà wọlé. Irú rẹ̀ kan náà ló máa gbé e jáde lára ògiri, padà sínú odò.

"Àwọn tòkè òkun ń fi omi ìgò kan ṣoṣo ṣe é," ló wí fún mi. "Tèmi, gbogbo odò ni."

Mo bi í léèrè ibi tí ẹnu róbà máa wà. Ó nawọ́ sí abẹ́ ilé. Mo ní rárá. Bí oṣù bá lé tuntun, omi máa ń fà kọjá ibẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa kù. Ó gbé e lọ sí òpó ìta. Mo ní kó jìnnà sí ilé ìgbẹ́ Ọlọ́rundáre. Ó rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn. Ó fi àwọ̀n edé wé ẹnu róbà náà kí ìdọ̀tí má baà wọlé.

Rekiyat kò fẹ́ ẹ.

Ó ní fún ọkọ rẹ̀, "Bàbá Khalidat, iná wà nínú nǹkan yẹn."

"Omi kò ní kan iná. Inú irin ni omi máa wà."

"Irin tí ta ló dí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ kan náà tó dí òrùlé?"

Òrùlé wọn ń jò. Hàrúnà tún róbà so lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi kílíìpù dè é. Ó dán an wò nínú agbada láìsí iná rárá, ó tẹ́ aṣọ gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ títí ìrun alásárì. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà. Gbígbẹ ni. Ó pe Rekiyat kó wá fọwọ́ kàn án. Rekiyat fọwọ́ kàn án, ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó tan kọ̀ǹpútà, òjò ti ń rọ̀, odò ti kún. Ó ṣe Bísímílááhì, ó tẹ̀ ẹ́. Pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó pẹ́ díẹ̀, omi yọ lára ògiri, ó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sínú odò. Ọ̀sán dé, kọ̀ǹpútà kò kú. Ìrọ̀lẹ́ dé, kò kú.

Àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà rí i.

"Rekiyat, ilé ọkọ ẹ ń tọ̀ o!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Rekiyat wí. "Ó ti dàgbà."

Láti yàrá kejì, ìyá Hàrúnà ń gbọ́ omi náà. Kò béèrè mọ́ bóyá ó ti kú. Ohun tó ń béèrè ni, "Ibo ló dé?"

"Ó ti kúrò ní èbúté, Ìyé."

"Jẹ́ kó yára." Lọ́jọ́ mìíràn ó na ọwọ́ sí ife omi, kò bá a. Rekiyat gbé ife náà sí i lọ́wọ́. Gbogbo wa ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Òjò wá dáwọ́ dúró. Ẹ mọ bí odò wa ṣe rí. Nígbà òjò, omi dídùn ni. Bí òjò bá ti lọ, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Hàrúnà tọ́ omi wò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tutọ́. Iyọ̀ ti dé. Iyọ̀ ń jẹ irin. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti òkun dé, a gbọ́dọ̀ fi omi dídùn fọ inú rẹ̀. Òun ló ń bá àwọn apẹja jà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, pé ẹ fọ ẹ́ńjìnnì yín, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì yín. Ó wá ń fọ ti kọ̀ǹpútà náà. Omi òjò wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn iṣẹ́, á pa kọ̀ǹpútà, á yọ róbà odò, á ki róbà dúrọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ewu.

Àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé a kì í pa ẹ́ńjìnnì kí á tó fọ inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ni, kí òun fúnra rẹ̀ máa gbé omi dídùn náà kiri. Àtìgbà tí Hàrúnà ti wà lọ́mọ iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ èyí.

Lọ́jọ́ kan, fíìmù ti kọjá mọ́sáláṣí. Itẹ́ ló kù. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin lẹ́nu. Ó ní omi tó ń jáde ti ń gbóná díẹ̀, bóyá iyọ̀ ti ń dí ojú ọ̀nà nínú bàbà, kí òun fọ̀ ọ́ kíá kí iṣẹ́ máa lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́, ó tú kílíìpù, ó fa róbà yọ. Kò pa nǹkan kan. Bó ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ló ṣe.

Omi tó wà nínú bàbà bọ́ sílẹ̀. Kò pọ̀. Kò kún ọwọ́. Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, iná sì wà níbi tó bọ́ sí. Ó ta pàù. Òórùn jíjó gba ilé. Fáànù dákẹ́.

Hàrúnà ṣì di róbà mú.

"Ó tún ti kú?" Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè láti yàrá kejì.

Hàrúnà gbé róbà náà sílẹ̀.

"Hàrúnà?"

"Ó kú, Ìyé."

Ìyá náà kò sọ pé ojú tòun kì í jí. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Hàrúnà jáde, ó jókòó sórí pákó tó so ilé wa pọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo lọ jókòó tì í. Rekiyat wá dúró lẹ́yìn wa. Mo rò pé á sọ̀rọ̀ òrùlé. Kò sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká, ó wọlé.

"Ọwọ́ mi rò pé ẹ́ńjìnnì ni," ni Hàrúnà wí.

"Mo rí i."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ pé kí n pa á. Lójoojúmọ́ ni mò ń pa á."

Ẹnu kì í tún irin ṣe. Mo jókòó.

Lọ́jọ́ kejì ó tú ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń kó nǹkan pamọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, lápá kejì, omi kò dé ibẹ̀. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ bá Lawrence ní Igbókòdá. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lawrence kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi itẹ́ nìkan ló kù láti so pọ̀. Hàrúnà ní kó so ó pọ̀.

Nígbà tí Lawrence pè pé ó ti parí, a gbé ìyá sínú ọkọ̀. Hàrúnà wà á, Rekiyat di ìyá mú, èmi jókòó síwájú. Ojú náà ti burú. Ìyá bi wá léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kùrukùru ló bolẹ̀. Oòrùn ń ràn.

Àwọn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá ṣe fọ́tókọ́pì. Lawrence ní kí wọ́n ní sùúrù, ó gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀. Ìyá jókòó. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì náà. Hàrúnà kúnlẹ̀ tì í.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo rí èbúté wa. Mo rí òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi.

"Ó ń lọ," ni ìyá wí. "Yanrìn rèé. Yanrìn náà funfun jù."

"Mo máa tún un ṣe, Ìyé."

"Fi í sílẹ̀. Ilé Olówòkéré nìyẹn. Ta ló ní ilẹ̀kùn méjì ló ní?"

Hàrúnà kò wò mí. Ó ṣeun.

Ìyá ń yí orí bí fíìmù náà ṣe ń lọ, ó ń fi ojú kékeré tó kù lé e. Ó rí ilé wọn. Ó na ìka kan, ó fi kan gíláàsì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, bóyá ojú ló ń dùn ún, mi ò mọ̀. Fíìmù dé mọ́sáláṣí. Ọ̀nà kọrí sí itẹ́.

"Dá a dúró," ló wí.

Lawrence dá a dúró.

"Ìyé, ó ku díẹ̀," ni Hàrúnà wí. "Ibi tó kù ni..."

"Mo mọ ibi tó kù. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ kọjá níwájú mi lọ síbẹ̀. Mo tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òkun wá mú un. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Torí rẹ̀ ni mo ṣe..."

"Mo mọ̀ pé torí rẹ̀ ni. Mọ́sáláṣí ni mo ní kí o mú mi dé. O mú mi dé ibẹ̀. Ọlọ́run á san án fún ọ. Rekiyat, gbé mi dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú."

Hàrúnà ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí a jáde. Lawrence bá a da fíìmù náà sórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó dé inú ọkọ̀, ó fa ẹ́ńjìnnì, ó wa ọkọ̀ délé.

Ojú ìyá ti kú tán báyìí. Òkùnkùn ni, bí ó ṣe wí, kò sí oparun mọ́. Nígbà mìíràn á sọ fún Rekiyat pé yanrìn yẹn funfun jù, inú rẹ̀ á sì dùn.

Mo bi Hàrúnà lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kan, bóyá ó ti wo ìyókù fíìmù náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé o máa wò ó?"

Ó tẹ orí ba, ó ń bá nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì náà jà. Mi ò tún béèrè.